Ṣé ẹ̀kọ́ Business yìí á sọ ọmọ yín di òṣìṣẹ́? Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Lọ́dún tó kọjá, a pe ọmọ márùn-ún fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi iṣẹ́ wa n'Ìbàdàn. Oúnjẹ adìyẹ là ń tà, ilé-iṣẹ́ náà ò tóbi, ẹni tó máa bá wa kọ ìwé owó la sì ń wá. Accounting ni mẹ́ta nínú wọn kà, Business Administration ni méjì yòókù kà. Mo gbé rìsíìtì ìnkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tá a rà fún ọ́fíìsì síwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. ₦53,750 ni àròpọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: èló ni VAT, ìyẹn owó-orí ọjà, tó wà níbẹ̀?

Mẹ́rin nínú wọn gbé fóònù, wọ́n wá 7.5% nínú ₦53,750, wọ́n ní ₦4,031.25. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà wínníwínní kan wà ní ẹsẹ̀ rìsíìtì náà tó sọ pé VAT ti wà nínú owó yẹn. Ọjà fúnra ẹ̀, ₦50,000 ni. VAT orí ẹ̀, ₦3,750. Tí VAT bá ti wà nínú owó, 107.5 lẹ máa kọ́kọ́ fi pín in kẹ́ ẹ tó fi 7.5 sọ ọ́ di púpọ̀. ₦281.25 péré ni ìyàtọ̀ náà lórí rìsíìtì kan, àmọ́ tó bá di ẹgbẹ̀rún rìsíìtì lọ́dún, ẹ̀yin àtàwọn agbowó-orí lẹ jọ máa sọ ọ́.

Méjì nínú àwọn mẹ́rin yẹn, second class upper ni wọ́n gbé jáde. Ìjọba fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ìwé ẹ̀rí wọn ò ní àléébù kankan. Ẹni karùn-ún, ọmọ pólì kan tó ní lower credit, gbé rìsíìtì náà súnmọ́ ojú, ó ka lẹ́tà wínníwínní yẹn sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní bébà." Òun la gbà.

Látìgbà yẹn, tí òbí bá bi mí pé ilé-ẹ̀kọ́ wo ló dáa fún Business, mi ò lè yára dáhùn mọ́. Ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn èèyàn máa ń lù pọ̀ mọ́ra nínú ìbéèrè yẹn: ìfọwọ́sí ìjọba, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, iye ọmọ tó ríṣẹ́, àti ohun tí ọmọ lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwa fi ń gbani síṣẹ́, òun náà sì lẹnikẹ́ni kì í kọ sára pátákó ẹ̀bá ọ̀nà.

Ohun tí ìfọwọ́sí NUC ń sọ, àti ohun tí kò sọ

NUC ló ń yẹ yunifásítì wò. Ti pólì, NBTE tó wà ní Kàdúná ni. Ìyẹ̀wò náà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí accreditation, kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ lódindi; ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń wáyé nìyẹn. Yunifásítì lè lórúkọ káàkiri, kí Accounting ibẹ̀ ní ìfọwọ́sí pípé, kí Marketing ibẹ̀ má ní in.

Máàkì ni wọ́n ń fún wọn. Ẹ̀ka tó bá gba 70 sókè nínú 100, tí kò sì já wálẹ̀ nínú àwọn ohun tó ṣe kókó, gba ìfọwọ́sí pípé, ìyẹn jẹ́ ọdún márùn-ún. Èyí tó bọ́ sáàárín 60 sí 69, ti onígbà díẹ̀ ni wọ́n ń fún un, ọdún méjì, kí wọ́n tó padà wá. Èyí tí ò bá tó 60, wọ́n já a, kò gbọ́dọ̀ gba ọmọ tuntun.

Kí gan-an ni wọ́n ń fún ní máàkì? Nínú ìwé òṣùwọ̀n tí NUC ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olùkọ́ kó 32 nínú 100, ilé àti ohun èlò kó 25, ètò ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀ kó 23, láíbìrì kó 12, owó tí wọ́n ń ná sórí ẹ̀ka náà kó 5. Ẹ wá wo èyí tó kù: ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń sọ nípa àwọn tó jáde níbẹ̀. Mẹ́ta. Mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún.

Kì í ṣe pé NUC ò mọ ohun tó ń ṣe o. Iṣẹ́ tiwọn ni láti rí i pé àwọn ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni wà nílẹ̀. Bíi wolé-wolé ayé àtijọ́ ni: á wo àmù omi, á wo ilé ìdáná, á wo ṣáláńgá, bóyá ọbẹ̀ ilé náà dùn, kò kàn án. Ẹni tó bá sì ti gbé nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń retí àwọn olùyẹ̀wò mọ bó ṣe máa ń rí: ọ̀dà tuntun lára ògiri, páálí ìwé ní láíbìrì, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí akẹ́kọ̀ọ́ ò rí rí.

Síbẹ̀, ẹ má fò ó. Ẹ̀ka tí ò ní ìfọwọ́sí lè di wàhálà nígbà tó bá kan NYSC, ó sì lè ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ mọ́ ọmọ. Ẹ wò ó fúnra yín lórí wẹ́bùsáìtì NUC tàbí NBTE, ẹ wo orúkọ ẹ̀ka náà gan-an àti ọdún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Tó bá wà níbẹ̀, ó dáa, ẹ kúrò níbẹ̀, ó ku ìbéèrè tó kàn.

Ìbéèrè tó kàn náà, ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ pé àwọn lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í. Ní December 2022, NUC gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun jáde tí wọ́n ń pè ní CCMAS, àwọn yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2023. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ètò náà, ọ̀kan náà ni káàkiri Nàìjíríà. Ìdá 30 yòókù, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló máa jókòó kọ tiẹ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó mú Business Admin ti ibí yàtọ̀ sí ti ọ̀hún, 30 yẹn ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Mo ti bi olùkọ́ méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan ka tiwọn lé mi lọ́wọ́ láìwo ìwé, ó ní torí pé àgbẹ̀ pọ̀ lágbègbè àwọn, àwọn fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwé owó oko àti bí wọ́n ṣe ń dá iye orí irè oko kún un. Ìkejì ní kí n lọ bi ọ̀gá òun.

Business Admin kì í ṣe Accounting

Mo gbọ́dọ̀ dá èyí dúró lọ́tọ̀ torí àwọn òbí máa ń pe gbogbo ẹ̀ ní "Business". Accounting ń lọ sí iṣẹ́ kan tó lórúkọ, tó ní ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. ICAN ni èyí tó dàgbà jù; òfin 1965 ló dá a sílẹ̀. Ìpele ìdánwò mẹ́ta ni wọ́n ní: Foundation, Skills àti Professional. Ẹ̀ka Accounting tí ICAN fúnra wọn bá ti wá yẹ̀ wò tí wọ́n sì gbà, ọmọ tó jáde níbẹ̀ kì í jókòó ṣe Foundation mọ́, Skills ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ̀wò yìí yàtọ̀ sí ti NUC, mo sì fojú sí i jù ú lọ, torí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́ ló ń ṣe é. ANAN, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979 tí òfin sì gbà wọlé ní 1993, gba ọ̀nà mìíràn: ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn wà lágbègbè Jos, ibẹ̀ ni wọ́n ń rán èèyàn lọ lẹ́yìn tó bá ti gboyè tán.

Business Admin ní tiẹ̀ fẹ̀ bí agbádá. Díẹ̀ nínú àkáǹtì, díẹ̀ nínú ọjà títà, díẹ̀ nínú òfin, díẹ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń darí òṣìṣẹ́. Kò burú, ẹni tó bá mọ ibi tó ń lọ á rán an mọ́ ara ẹ̀. Ẹni tí ò mọ̀ á jáde tán, kò sì ní lè fi gbólóhùn kan sọ iṣẹ́ tóun mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀ka tó dáa máa ń rí èyí láti ìpele kejì, á sì tọ́ ọmọ sọ́nà: ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ àti ìgbanisíṣẹ́, wọ́n á júwe ẹgbẹ́ CIPM fún un, ẹni tó fẹ́ bánkì, ẹgbẹ́ CIBN. Ẹ bi ọmọ ìpele kẹta kan nínú ẹ̀ka náà bóyá olùkọ́ kankan ti dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí létí ẹ̀ rí. Ìdáhùn ẹ̀ á kọ́ yín lọ́gbọ́n ju ìwé ìpolówó lọ.

"Ìdá 96 àwọn ọmọ wa ló ríṣẹ́"

Ibí ni wọ́n ti ń tan àwọn èèyàn jù, wọn ò sì nílò irọ́ rárá láti fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí nọ́ńbà ìjọba fúnra ẹ̀. Ní òpin 2020, àjọ NBS ní ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ni ò níṣẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2023, 4.1 ni wọ́n pè é. Ẹ̀yin náà wà nílùú: ṣé ẹ rí iṣẹ́ tó ya wọ̀lú láàárín ìgbà yẹn? Òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni wọ́n ń kà á sí. Nínú òṣùwọ̀n tuntun, tí wọ́n mú bá ti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù mu, wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ti tó. Òtítọ́ ni nọ́ńbà méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ló yàtọ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ fi gba nọ́ńbà wọn lálejò: àwọn wo lẹ kà, ìgbà wo lẹ kà wọ́n, iṣẹ́ wo sì ni?

Àwọn wo. Ká ní 400 ọmọ ló jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, 50 dá a padà, 48 nínú 50 yẹn ní àwọn ń ṣiṣẹ́. Ìdá 96 nìyẹn, ẹ ṣírò ó. Àwọn 350 tó kù ńkọ́? Wọ́n dákẹ́ ni. Ẹni tí nǹkan ò ṣẹnuure fún kì í sábà fẹ́ kún fọ́ọ̀mù.

Ìgbà wo. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí ìjọba nípa àwọn tó gboyè máa ń dúró oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó bi wọ́n léèrè; ní Amẹ́ríkà, oṣù mẹ́fà ló wọ́pọ̀. Ẹni tó ní ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ Business lókè òkun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oṣù mẹ́fà àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, kò sì yẹ kó fi nọ́ńbà ìkan wé ìkejì. Nílé níbí, NYSC tún dá kún un. Lóṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó gboyè, ọmọ lè ṣì wà nínú kàkí, kí ìjọba máa san ₦77,000 fún un lóṣù. Ṣé ó níṣẹ́ àbí kò níṣẹ́? Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ á ní ó níṣẹ́. Èmi ò kà á.

Iṣẹ́ wo. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan ka Banking and Finance, first class. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbé àwòrán ẹ̀ sí ojú ìwé wọn pé ó ń ṣiṣẹ́ ní bánkì ńlá kan. Kò purọ́: ẹ bá a ní káńtà, okùn káàdì bánkì wà lọ́rùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń sanwó oṣù fún un, torí contract staff ni. Àwọn tó wọlé tààrà bíi graduate trainee jókòó sí yàrá òkè. Òun ń ka owó nísàlẹ̀. Ọdún kẹta ẹ̀ rèé, ìgbéga ò sí, àwọn tó ní OND ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìkẹyìn ìgbà tá a jọ sọ̀rọ̀, ohun tó dùn ún jù ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún un nílé-ẹ̀kọ́ pé ilẹ̀kùn méjì ló wà, pé ìdánwò aptitude ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kejì, àti pé ọjọ́ orí kan wà tí wọn ò ní gbà á mọ́. Ẹ̀ka tó bá ń pèsè ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ lóòótọ́, irú ọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n ń bá ọmọ sọ kó tó wọ ìpele tó kẹ́yìn.

Ẹ lè ṣe ìwádìí tiyín. Ẹ lọ sórí LinkedIn, ẹ wá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ wo àwọn tó ka ẹ̀kọ́ yẹn tó jáde ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ má wo ẹni tó jáde ní 1994 tó di ọ̀gá àgbà, ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ nígbà yẹn kọ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ kọ mẹ́wàá sílẹ̀ láìṣẹ̀ṣà: kí ni àkọ́kọ́ iṣẹ́ wọn, kí ni wọ́n ń ṣe báyìí? Àwọn tí ọ̀nà ti là fún ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ìwádìí mẹ́wàá yìí ṣì lágbára ju àwòrán ẹnìkan lọ.

Ta ló ṣiṣẹ́ náà, ilé-ẹ̀kọ́ àbí bàbá ọmọ?

Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ ń ríṣẹ́ gidi. Ẹ lọ wo àwọn tó ń wọ ibẹ̀. Bóyá máàkì JAMB wọn ga, bóyá bàbá wọn ní ilé-iṣẹ́, bóyá ẹ̀gbọ́n ìyá wọn wà ní ilé-iṣẹ́ epo. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ì bá ríṣẹ́ tó bá ti inú ihò jáde. Kì í ṣe pé ilé-ẹ̀kọ́ náà ò dáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé a ò lè mọ̀ látinú nọ́ńbà yẹn nìkan. Ẹ̀ka tó ń gba ọmọ oníṣòwò kékeré, tí kò mọ ẹnìkan nílùú, tó sì ń sọ ìdajì wọn di òṣìṣẹ́ gidi, ó lè jẹ́ pé ó ti ṣe ju ìyẹn lọ.

Ẹ ṣí logbook

ITF, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, ló gbé SIWES kalẹ̀ ní 1973, ìyẹn ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, torí àwọn tó ń jáde mọ ìwé, wọn ò mọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Igbe yẹn náà là ń ké dòní. Ọmọ pólì ń ṣe oṣù mẹ́rin nínú ND. Lẹ́yìn ND, á tún lọ ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko kó tó padà wá fún HND. Ní yunifásítì, onímọ̀ ẹ̀rọ ń lọ fún oṣù mẹ́fà, àmọ́ ti Business ò dọ́gba: ibòmíràn ń ṣe é, ibòmíràn ò ṣe é rárá. Ẹ bèèrè. Àwọn èèyàn ń fojú tín-ín-rín HND, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kí Ọlọ́run foríjì mí, àmọ́ ọdún kan tó wà láàárín yẹn ló sọ ọmọ tó mọ VAT ní tábìlì mi di ohun tó jẹ́.

Kì í ṣe gbogbo IT, bí wọ́n ṣe ń pe ìkọ́ṣẹ́ yìí, ló rí bẹ́ẹ̀ o. Mo ti fọwọ́ sí logbook, ìwé tí ọmọ ń kọ iṣẹ́ tó ṣe lójoojúmọ́ sí, tí mi ò lè ka iye ẹ̀. Ọ̀kan rèé, láti ilé-iṣẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́: Monday, mo to fáìlì. Tuesday, mo ṣe fọ́tókọ́pì. Wednesday, mo to fáìlì. Bẹ́ẹ̀ ló lọ fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ohun tí kò kọ sílẹ̀ ni pé òun ló ń bá gbogbo wa ra ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́sàn-án. Olùkọ́ tó wá bẹ̀ ẹ́ wò láti ilé-ẹ̀kọ́ wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní "Well done", ó fọwọ́ sí i, ó bèèrè ibi tí wọ́n ń gbé gba ọkọ̀ padà.

Òmíràn rèé, ti ọmọ tá a gbà yẹn: "Mo fi ìwé bánkì wé ìwé owó wa fún oṣù March. ₦18,400 ò bára mu. Mo rí i: owó tí bánkì yọ, tí a ò kọ sílẹ̀, àti ṣẹ́ẹ̀kì kan tí oníbàárà ò tíì lọ gbà." Ìlà mẹ́ta yẹn, ó ju odindi ìwé kan lọ lójú mi.

Tẹ́ ẹ bá mọ ọmọ kan nínú ẹ̀ka tẹ́ ẹ̀ ń yẹ̀ wò, ẹ ní kó yá yín ní logbook ẹ̀ kẹ́ ẹ kà á. Ẹ bi í pé ta ló wá a níbi IT fún un. Ẹ̀ka tó ní ilé-iṣẹ́ méje mẹ́jọ tí wọ́n jọ mọra, tí wọ́n ń rán ọmọ sí lọ́dọọdún, yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó fún ọmọ ní lẹ́tà tó ní "Sí ẹni tó bá kàn" tó ní kó máa lọ.

Handout àti project

Òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní June 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026. FIRS, àjọ agbowó-orí, ti di Nigeria Revenue Service. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n ń gba owó-orí lé lórí lọ́dún, wọn ò gba kọ́bọ̀ níbẹ̀ mọ́. Àforíjì CRA, ìyẹn iye tí wọ́n máa ń yọ kúrò nínú owó kí wọ́n tó bu owó-orí lé e, tí gbogbo wa há sórí fi ṣe ìdánwò, ti wọlẹ̀. Ẹ yá handout Taxation tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ ìpele kẹta tàbí kẹrin. Tí CRA bá ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ohun tó ti kú ni wọ́n ń kọ́ ọmọ yín, wọ́n sì ń gbowó ẹ̀.

Ẹ tún lè ní kí ọmọ tó ti fẹ́ jáde ṣe ìwé owó oṣù ẹnìkan níwájú yín. Tí basic, housing àti transport òṣìṣẹ́ bá jẹ́ ₦200,000 lóṣù, èló ni wọ́n máa yọ fún pẹ́nṣọ̀n, èló ni ọ̀gá máa fi kún un? Òfin pẹ́nṣọ̀n 2014 ti sọ ọ́: 8% látọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, ìyẹn ₦16,000, àti 10% látọ̀dọ̀ ọ̀gá, ìyẹn ₦20,000. Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ò ka Business pàápàá ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Ti project, ìwádìí tí ọmọ ń kọ kó tó jáde, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi àkọlé ogún project tó kẹ́yìn nínú ẹ̀ka náà hàn yín. Tí mẹ́rìndínlógún bá jẹ́ "Ipa tí ìwúrí ń kó lórí iṣẹ́ òṣìṣẹ́" pẹ̀lú orúkọ bánkì mẹ́rìndínlógún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ wá.

Ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ lọ

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, oníbàárà ìyàwó mi, ní lẹ́tà ìgbàwọlé méjì lọ́wọ́ fún ọmọ ẹ̀ ọkùnrin. Ọ̀kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà ń gba owó tó tó ìlọ́po mẹ́rin èkejì. Ó fẹ́ lọ wò wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn òbí. Mo ní, "Ẹ má lọ lọ́jọ́ yẹn, Mọ̀ọ́mì. Ẹ lọ ní ọjọ́ Wẹ́sìdè tí wọn ò retí yín, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ wo yàrá kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ Business ń lò."

Ó pè mí láti ilé-ẹ̀kọ́ olówó gọbọi yẹn láago mọ́kànlá àárọ̀. Kọ̀ǹpútà ọgọ́ta ló rí láti ojú fèrèsé, ọ̀rá ṣì wà lára díẹ̀ nínú wọn. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti lọ síbi ìkómọjáde. Ní èkejì, kọ̀ǹpútà ò tó ogún, afẹ́fẹ́ ò sí, àwọn ọmọ méjì méjì ló ń pín ọ̀kan. Àmọ́ wọ́n wà nídìí ẹ̀. Ó ní olùkọ́ kan ń pariwo lé wọn lórí nípa ohun kan nínú Excel tó ń jẹ́ VLOOKUP. Ó bi mí bóyá nǹkan tó dáa ni. Mo ní ó dáa.

Tí ọmọ yín bá ti wọlé sí èyí tí ò dáa ńkọ́?

Kò pẹ́ jù. Àwọn òbí tó ń bi mí léèyí pọ̀ ju àwọn tó ń bi mí kí wọ́n tó sanwó lọ. Ọmọ tó ń ka Accounting lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ICAN tàbí ATSWA, èyí tó wà fún accounting technician, láti inú ilé-ẹ̀kọ́, láìdúró dìgbà tó bá gboyè. Excel, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí YouTube. Kó ṣe é dójú àmì, kì í ṣe kó kàn kọ ọ́ sára CV.

Èyí tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù ò sì ná an ní kọ́bọ̀. Kó lọ bá ẹnìkan tó ń tajà ládùúgbò, ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì, tó ń ta oògùn, tó ń ta aṣọ bíi ìyá yẹn ní Gbági, kó ní òun fẹ́ máa bá wọn kọ ìwé owó lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Kó kọ ohun tó wọlé, ohun tó jáde, gbèsè tí oníbàárà jẹ, èrè tó kù lórí ọjà kọ̀ọ̀kan. Oṣù kejì ló máa kọ́kọ́ rí i pé ìwé ò bára mu, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti máa bẹ̀rẹ̀. Tó bá gbé ìwé oṣù mẹ́fà yẹn wá síwájú mi nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, pẹ̀lú gbogbo ìfàlà rẹ́ tó wà nínú ẹ̀, òun ni màá kọ́kọ́ ṣí.